Fífi ojú tuntun sí mọ́tò oníná tó ti pẹ́: ohun tó yẹ ká mọ̀ ká tó náwó

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ọ̀rọ̀ náà bá mọ́tò mu gan-an. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò oníná, ìyẹn mọ́tò tí kì í mu epo, tó jẹ́ pé bátìrì ńlá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e rìn. A fẹ́ sọ̀rọ̀ pàápàá nípa bí àwọn kan ṣe ń tú iwájú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tó ti pẹ́, tí wọ́n á sì fi iwájú èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ rọ́pò.

Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, àwọn tó mọwọ́ rẹ̀ sì wà. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó lè pani lára tàbí kó jẹni lówó: iná tó lágbára púpọ̀, irin ààbò tí àwọn kan máa ń gé dànù, àti ẹ̀tàn àwọn tó ń ta mọ́tò. A máa gbé e yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iná kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná ju ti ará abúlé lọ. Kamina tó wà nítòsí wa níbí ni àwọn Jámánì ti kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá tó ń bá Nauen ní ìlú wọn sọ̀rọ̀, kí àwọn fúnra wọn tó wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914 nígbà tí ogun dé. Ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí Tógò àti Benin jọ ń lò, ti ń fún wa níná láti ọdún 1987. Blitta tó wà lókè wa náà ti ní oko iná oòrùn láti ọdún 2021. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, a ti ń rí alùpùpù oníná lọ́wọ́ àwọn zémijàn ní Lomé, irú bíi ti Spiro tí wọ́n ń pè ní M Auto tẹ́lẹ̀, tí wọ́n máa ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ní ibùdó dípò kí wọ́n dúró gba iná sí i.

Mọ́tò oníná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò tíì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mọ́tò epo fi ń dé Lomé àti Kùtọ̀nù náà ni òun náà ń gbà: wọ́n á ti lò ó ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà tàbí ní Jàpáàn, wọ́n á wá tà á fún wa ní occasion. Èyí tó bá sì ti ní ìjàǹbá lọ́hùn-ún, iwájú rẹ̀ ló sábà máa ń fọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra á yóò sọ pé: «Ṣebí mo máa ra iwájú náà ni, kí ló dé tí n kò ra ti ọdún tuntun?»

Àṣà náà kò bẹ̀rẹ̀ lórí mọ́tò oníná. Lọ́jà Ládipọ̀ ní Èkó àti ní Suame Magazine ní Kumasi, àwọn tôlier ti ń pààrọ̀ ojú Toyota, Lexus àti Mercedes tipẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé mọ́tò epo máa ń dárí ji tôlier ju mọ́tò oníná lọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní «ojú» mọ́tò?

Tí a bá sọ pé wọ́n pààrọ̀ ojú mọ́tò, àwọn ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: pare-chocs, ìyẹn ìkarahun ike tó bo ìmú rẹ̀, àwọn phare méjèèjì, capot tó ń ṣí, àwọn aile, ìyẹn páànù ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè táyà iwájú, calandre tàbí páànù dídì tó dípò rẹ̀, àti àwọn irin kéékèèké tó di gbogbo wọn mú. Lẹ́yìn wọn ni irin ìdábùú tó ń gba ìkọlù wà, rédíétọ̀ sì wà lẹ́yìn ìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á ra pare-chocs àti phare nìkan. Tó bá délé, á rí i pé phare tuntun gùn ju ti àtijọ́, kò bá etí aile mu. Á tún lọ ra aile. Tó bá fi aile sí i, capot ò ní pa dé mọ́. Owó tó rò pé òun máa ná á di ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ra iwájú náà lódindi láti ara mọ́tò kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo ìdè rẹ̀ àti àwọn okùn iná rẹ̀ tí wọn kò gé.

Mọ́tò mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù

Àkọ́kọ́ ni Nissan Leaf. Ó jáde ní ìparí ọdún 2010 pẹ̀lú bátìrì 24 kWh. Nígbà tó yá, wọ́n fi èyí tó jẹ́ 30 kWh kún un. Ìran kejì rẹ̀, tí wọ́n fi han ayé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ní bátìrì 40 kWh, mọ́tọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 110 kW dípò 80 kW. Ojú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: ti àkọ́kọ́ dà bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ti èkejì mú ṣámúṣámú. Imú ni àwọn méjèèjì ti ń gba iná, ní àárín gbùngbùn, lábẹ́ ilẹ̀kùn kékeré kan. Àmọ́ ní ìran kejì, wọ́n dá ojú ihò náà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sókè, kí ẹni tó ń ki okùn bọ̀ ọ́ má bàa bẹ̀rẹ̀ jù. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé imú tuntun lé Leaf àtijọ́, ihò àti ilẹ̀kùn lè má kojú síra wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ wo èyí kí ẹ tó sanwó.

Èkejì ni Renault Zoe, tí àwọn ará wa tó wà ní Faransé mọ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn àmì Renault tó wà nímú rẹ̀ ló ti ń gba iná. Bátìrì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 22 kWh, ó di 41 kWh ní 2016, ó sì di 52 kWh ní 2019 nígbà tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe. Zoe ọdún 2019 yìí lè ní ihò CCS tó ń gba iná kíákíá. Ihò CCS ga ju ihò Type 2 lásán lọ, torí pé àwọn ọ̀pá nínípọn méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi imú 2019 sí Zoe ọdún 2013 kò tíì gba iná kíákíá o. Ìlẹ̀kùn nìkan ló rà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí Zoe tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà láìsí bátìrì: ẹni tó ra mọ́tò ń san owó oṣooṣù lórí bátìrì, bátìrì náà kì í ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ta Zoe fún yín, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé bátìrì wà nínú ohun tí ẹ ń rà. Ẹ kò ní fẹ́ ra ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni Tesla Model S. Ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2012 pẹ̀lú ike dúdú ńlá nímú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, wọ́n yọ ike dúdú náà, wọ́n sì fi phare LED tuntun sí i. Ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ẹ̀yìn apá òsì, ni Tesla ti ń gba iná, torí náà ojú tuntun kò dí i lọ́wọ́. Àmọ́ wàhálà tirẹ̀ wà níbòmíràn. Aluminium ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Tôlier tí irin nìkan ló mọ̀ ọ́n jó kò lè jó o, bí eruku irin bá sì ti ara irinṣẹ́ wọ inú aluminium, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Ọ̀pọ̀ Tesla tí wọ́n ṣe láti ìparí ọdún 2014 ní radar nínú ìmú wọn, tó ń wo iwájú fún awakọ̀. Bí a bá tú u, tí a kò dá a padà sí ojú ibi tó wà gẹ́lẹ́, á máa wo ibi tí kò yẹ.

Irin ìdábùú: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí pé ẹ̀mí wà nídìí rẹ̀. Pare-chocs tí à ń rí lóde, ike lásán ni. Ohun tó ń gba èèyàn là wà lẹ́yìn rẹ̀: fóòmù kan, lẹ́yìn fóòmù náà ni irin ìdábùú, lẹ́yìn irin náà ni àpótí irin méjì tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè fọ́ bí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ ni agbára ìkọlù náà ń tán, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó. Nítòsí ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fún airbag pé «ó ti kọlu nǹkan, ṣí!» sábà máa ń wà.

Bí ike tuntun kò bá wọlé, torí pé irin ìdábùú àtijọ́ yọ síta jù, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni pé kí wọ́n mú meule, kí wọ́n gé irin náà kúrú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mọ́tò tí wọ́n gé irin ìdábùú rẹ̀ á lẹ́wà níwájú ilé, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá kọlu ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà Nationale 1, kò sí ohun tó máa gba ìkọlù náà ju ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ. Bí ẹ bá rí i pé iwájú tuntun kò lè wọlé láìgé irin yìí, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀.

Kí èèyàn tó mọ̀ bóyá á wọlé, kó ti wọn ún: láti àárín ihò bóòtù kan dé èkejì, lọ́tùn-ún àti lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Kí ó wọ̀n ọ́n lára mọ́tò àtijọ́, kó sì wọ̀n ọ́n lára iwájú tuntun kó tó rà á. Bí ìwọ̀n bá yàtọ̀, ìdè tuntun ni wọ́n máa ṣe fún ike. Ìdè ike la lè tún ṣe. Irin ààbò la kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Iná inú rẹ̀: ohun tí tôlier gbọ́dọ̀ mọ̀

Iná bátìrì ńlá mọ́tò oníná sábà máa ń tó 400 volt, ó sì jẹ́ iná tó ń lọ tààrà láìyí padà. Ẹni tó bá gbá mú, ó lè kú. Gbogbo okùn tó ń gbé iná yìí ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn, káàkiri ayé, kí ẹni tó rí i lè yàgò. Lára Leaf, abẹ́ capot ni àwọn ẹ̀rọ tí okùn ọsàn wọ̀nyí so mọ́ kún sí. Okùn tó lọ sí ihò ìgbaná wà nímú gan-an, níbi tí tôlier máa ń kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀.

Ètò tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé nìyí:

1. Kí wọ́n pa mọ́tò, kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí i, kí wọ́n sì rí i dájú pé okùn ìgbaná kò sí lára rẹ̀.

2. Kí wọ́n yọ okùn bátìrì kékeré 12 volt. Bátìrì kékeré yìí ló ń ṣí ilẹ̀kùn iná fún bátìrì ńlá. Bí kò bá sí, ilẹ̀kùn náà á tì.

3. Kí wọ́n yọ ìdènà iná ńlá, èyí tí àwọn mẹkaníìkì ń pè ní service plug. Lára Leaf, ó wà nílẹ̀ mọ́tò, ní àárín, níwájú ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹni tó bá máa yọ ọ́ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná 1000 volt. Ìbọ̀wọ́ tí à ń fi fọ abọ́ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o. Kí ó fi ìdènà náà sápò ara rẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa ṣèèṣì dá a padà.

4. Kí wọ́n dúró, ó kéré tán ìṣẹ́jú 10. Iná ṣì máa ń wà nínú àwọn ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti já a.

5. Kí ẹni tó mọ̀ nípa iná fi ẹ̀rọ ìwọniná wò ó pé kò sí volt níbẹ̀ mọ́, kí tôlier tó fọwọ́ kàn án.

Wàrà wàrà là ń yọ oró iná, ṣùgbọ́n kò sí oró iná 400 volt tí à ń yọ. Bí tôlier yín kò bá mọ ohun márùn-ún wọ̀nyí, kò burú. Ó lè mọ páànù lù dáadáa. Ẹ wá ẹni tó mọ iná tó máa já a fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, tó sì máa dá a padà nígbà tó bá parí.

Okùn aláwọ̀ yẹ́lò náà wà. Ti airbag nìyẹn. Ẹ má gé e, ẹ má fi lámpù dán an wò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Bí iná bá ti kúrò, wọ́n á yọ ike abẹ́ imú àti ike inú ìyẹ́ táyà. Àwọn ike wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí omi òjò àti eruku pupa ọ̀nà wa dé ara àwọn ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ wọ́n nù torí pé wọn kò bá iwájú tuntun mu. Ẹ kọ̀ jálẹ̀: kí wọ́n gé e bá a mu, kí wọ́n sì dá a padà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ pare-chocs, phare, capot àti aile. Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé tuntun wọlé, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé gbogbo rẹ̀ lé e láìkùn, láìdè é pinpin. Ìgbà yìí ni wọ́n á rí i bóyá àlàfo láàrin capot àti aile dọ́gba. Ẹni tó bá kùn ún kó tó dán an wò, yóò kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ phare gba sùúrù. Phare LED ti ọdún tuntun kì í ṣe gílóòbù lásán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kọ̀ǹpútà kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà mọ́tò sọ̀rọ̀. Orí okùn rẹ̀ lè yàtọ̀, àwọn okùn náà lè má wà ní ibì kan náà. Bí wọ́n bá kàn so okùn pọ̀ pẹ̀lú scotch, ó lè tàn lónìí, kó máa mú àmì pupa jáde lórí dashboard lọ́la. Kí wọ́n wá àwòrán okùn iná mọ́tò méjèèjì. Lẹ́yìn tí phare bá tàn, kí wọ́n gbé mọ́tò síwájú ògiri lálẹ́, kí wọ́n tún ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí ṣe, torí pé phare tó ń wo ojú ẹni tó ń bọ̀ ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ọ̀nà.

Nǹkan méjì mìíràn: mọ́tò oníná náà nílò afẹ́fẹ́. Lóòótọ́, kò ní ẹ́ńjìnì tó ń gbóná bíi ti epo, àmọ́ rédíétọ̀ rẹ̀ ń tu mọ́tọ̀ àti àwọn ẹ̀rọ iná lára. Bí ojú tuntun bá dí ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á gbóná, mọ́tò á sì dín agbára rẹ̀ kù lórí òkè wa. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń pariwo. Mọ́tò oníná kò ní ohùn, nítorí náà wọ́n fi gbohùngbohùn kékeré sí ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ní Yúróòpù, òfin ti mú un ní dandan fún gbogbo mọ́tò oníná tuntun láti oṣù keje ọdún 2021. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ garaaji. Ọmọdé tó ń sáré lọ́jà Atakpamé, etí ló fi ń mọ̀ pé mọ́tò ń bọ̀.

Ní ti kíkùn, bátìrì kò fẹ́ ooru. Nissan kìlọ̀ pé kí Leaf má ṣe wà níbi tí ooru ti ju 49°C lọ fún ohun tó ju wákàtí 24 lọ. Nítorí náà, kí peintre kun àwọn páànù nílẹ̀, kí wọ́n gbẹ, kó tó dè wọ́n mọ́ ara mọ́tò. Bí ó bá ní ààrò ìgbẹ́dà, kó má ti odindi mọ́tò wọ inú rẹ̀.

Ojú tuntun, ikùn àtijọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹni tí kò tilẹ̀ ní mọ́tò ńkọ́? Ó kan ẹni tó fẹ́ rà. Mọ́tò epo tó jẹ́ ti ọdún 2011 tí wọ́n fi ojú 2018 sí, ó ṣì lè gbé yín dé Lomé. Mọ́tò oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó.

Láti Lomé sí Atakpamé, nǹkan bí 160 kìlómítà ni. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dán Leaf ọdún 2011 wò, nígbà tó ṣì wà ní tuntun, ó rin nǹkan bí 117 kìlómítà kí iná rẹ̀ tó tán. Leaf ọdún 2018 rin nǹkan bí 243. Ìyẹn ni pé ti 2018 lè ti Lomé dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti 2011 kò lè dé, kódà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é.

Bátìrì sì ń gbó. Ti Leaf kò ní omi tó ń tù ú lára, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ gbígbóná máa ń tètè gbó o: ní 2012, àwọn tó ni Leaf ní Arizona, níbi tí oòrùn mú gan-an, fi ẹjọ́ sùn lórí èyí. Lórí dashboard Leaf àkọ́kọ́, lápá ọ̀tún, ìlà kéékèèké 12 wà tó ń sọ bí bátìrì ṣe lágbára tó. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá kú, bátìrì ti pàdánù nǹkan bí 15%. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, nǹkan bí 6% lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìlà 8 ló kù: bátìrì ti di nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kìlómítà 117 yẹn á di nǹkan bí 77. Ẹ lè lọ sí Anié kí ẹ sì padà. Ẹ kò lè lọ sí Notsè kí ẹ padà.

Báyìí, ká ní ẹnì kan fi ojú 2018 sí mọ́tò oníìlà 8 yìí, ó wá tà á ní owó ti 2018. Ẹni tó rà á á kúrò ní Lomé láàárọ̀, iná á tán kó tó dé Notsè. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Bí a ṣe lè mọ ọdún mọ́tò gan-an

Ẹ má wo ojú. Ẹ wo nọ́ńbà châssis, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú tàbí lára òpó ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti carte grise mu.

Bí mọ́tò bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ohun kẹwàá nínú nọ́ńbà náà ló ń sọ ọdún: B jẹ́ 2011, C jẹ́ 2012, D jẹ́ 2013, E jẹ́ 2014, F jẹ́ 2015, G jẹ́ 2016, H jẹ́ 2017, J sì jẹ́ 2018. Wọn kì í lo I.

Bí ó bá jẹ́ Leaf, ẹ wá AZ0 tàbí ZE0 nínú nọ́ńbà náà: ìran àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá rí AZ1 tàbí ZE1, ìran kejì ni. Ojú tó mú ṣámúṣámú pẹ̀lú ZE0, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹ wo inú mọ́tò pẹ̀lú. Wọ́n lè pààrọ̀ iwájú, àmọ́ dashboard, ìjókòó àti iná ẹ̀yìn máa ń kù bí wọ́n ṣe wà. Ẹ wo bóòtù aile lábẹ́ capot: bí ọ̀dà bá ti bó lórí wọn, ẹnì kan ti tú u. Ẹ ní kí wọ́n gba iná sí i kún lójú yín, kí ẹ sì wà á fún kìlómítà 30, kí ẹ wo iye tó kù.

Ọ̀rọ̀ ìwé àti ti iná ilé

Ẹni tó bá pààrọ̀ ojú mọ́tò rẹ̀, ọdún mọ́tò náà kò yí padà. Carte grise gbọ́dọ̀ ṣì máa sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Kó pa fáktúrà àwọn páànù mọ́, kó má bàa dà bíi pé ó rà wọ́n lọ́wọ́ olè. Kó sọ fún ilé iṣẹ́ assurance rẹ̀ ohun tó ṣe, torí pé Code CIMA, tí Tógò wà lábẹ́ rẹ̀, béèrè pé kí ẹni tó gba assurance sọ àyípadà tó bá kan ewu. Kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí visite technique tó dé.

Ní ti iná ilé, ẹ ṣọ́ra fún okùn ìgbaná tó bá mọ́tò Amẹ́ríkà wá. 120 volt ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún, iná wa sì jẹ́ 220. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i kí ẹ tó kì í bọ ògiri. Bí okùn tó bá iná wa mu bá ń fa 10 ampere, bátìrì 24 kWh tó ti gbẹ á gbà tó wákàtí 11. Ti 40 kWh á gbà tó wákàtí 18. Kí électricien wo príìsì àti okùn ilé yín kó tó di pé ẹ ń fi mọ́tò sí i lóru.

Ṣé ó tọ́ kí èèyàn ṣe é?

Èrò tiwa nìyí. Bí iwájú mọ́tò kò bá fọ́, ẹ má tú u. Ẹ kó owó yẹn sí bátìrì, táyà àti frein. Bí iwájú bá ti fọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye owó iwájú irú tirẹ̀ gan-an. Ó sábà máa ń dínwó jù, ó sì máa ń wọlé láìjà. Bó bá jẹ́ pé ti tuntun lẹ rí, tí ìwọ̀n bá mu, tí ẹni tó mọ iná wà, tí wọn kò sì ní gé irin ìdábùú, ẹ lè ṣe é. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á lẹ́yìn náà, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà.

Àwọn tó ń gun alùpùpù oníná, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Ike tuntun lára alùpùpù kò sọ nǹkan kan nípa bátìrì tó wà nínú rẹ̀.

Ìwà lẹwà, àwọn Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwà mọ́tò oníná wà nínú bátìrì rẹ̀ àti nínú irin tí ojú kò rí. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, tàbí tí ẹ bá mọ ohun kan tí a kò mẹ́nu bà, ẹ kọ̀wé sí wa. Ohun tí a kò bá mọ̀, a máa ń bi ara wa ni. Ẹ kú ọ̀nà o, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lójú pópó.